Tún Ọ̀rọ̀ Mi Sọ Kí N Gbọ́

Hitra, Norway
6 Oṣù Kẹsàn-án, 2004

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrí mi, ẹ kú àwọn àgùntàn, ẹ kú afẹ́fẹ́ Sumba abúlé wa létí òkun tó ń ṣí òrùlé onílé. Bí ẹ bá dúró ka lẹ́tà yìí, ẹ jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì kú, mi ò tíì lóyún, wọn ò sì tíì lé mi níṣẹ́. Mo mọ̀ pé ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà rèé. Ẹja sámọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sìn lójú omi níbí, bíi tilé náà ni, àmọ́ àwọn ará ibí ò fẹ́ kí òjò máa pa àwọn. Wọ́n gbé ilé kan léfòó sáàárín àwọn àwọ̀n ẹja, wọ́n ri kámẹ́rà sábẹ́ omi, ẹni tó ń bọ́ ẹja wá jókòó sí ọ́fíìsì lórí ilẹ̀, ó ń mu kọfí, ó ń wo bí ẹja ṣe ń jẹun lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá rí i pé wọ́n ti yó, á tẹ bọ́tìnì, oúnjẹ á dúró. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ló ni okùn tó ń gbé àwòrán náà wá. Dígí ni inú okùn yẹn o. Fọ́nrán méjì ló wà nínú awọ kan, wọ́n tín-ín-rín ju irun orí mi lọ. Ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, èkejì ń gbé e bọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré nínú wọn. Ní ìkangun kọ̀ọ̀kan ni àpótí pẹlẹbẹ kan wà tó kún fún ojú ihò. Swíìṣì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe swíìṣì iná ilé, ẹ má bá Bàbá Hanus aládùúgbò wa jiyàn. Iná kékeré kan wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan: bí ó bá tàn ní àwọ̀ ewé, ó dáa, bí ó bá kú, wàhálà dé.

Torgeir ni ọ̀gá mi ń jẹ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fa imú, á wo àjà, á wá ní, "Mm. Iná ewé kì í purọ́." Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n sín jẹ débi pé Àǹtí Synnøve, àgbà òṣìṣẹ́ wa, rò pé Ọ̀gá ló wọlé, ó dìde fún mi ní àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn. Mo ya sámọ́ọ̀nù ńlá kan sórí ike, mo fún un ní awò ojú àti irùngbọ̀n Ọ̀gá Torgeir, mo so ó síwájú kámẹ́rà. Màdáámù Gunnlaug, ẹni tó ni àwọn ẹja, da kọfí sí ara rẹ̀ lára. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà ìdánwò mi yóò parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ Oṣù Kọkànlá. Bí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí ìwé mi, mo di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tòótọ́ fún ọdún méjì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ máa rí mi ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé orí ẹja, níbi tí mo ti sá wá.

Ọmọ yín tó ń ṣe dáadáa,
Marjun


Sumba
17 Oṣù Kẹsàn-án, 2004

Marjun,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà ní Ọjọ́rú. Ilé wà, àgùntàn wà, Hanus wà, ó sì ti ń jiyàn pé swíìṣì kò lè ju ti iná lọ. Mo rẹ́rìn-ín nípa ẹja onírùngbọ̀n yẹn, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Má pè mí lórí fóònù o. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gbé gbohùngbohùn kọ́ etí ní ilé rédíò etíkun ní Tórshavn, tí mò ń bá ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ láàárọ̀, lálẹ́. Etí mi ti fẹ̀yìntì. Ojú mi ló kù. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ìkíní: ẹ̀wù irun àgùntàn tí mo hun fún ọ, ṣé ó wà lára rẹ ni àbí ó wà nínú àpótí? Ìkejì: ta ni onílé tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ó sì ń ti ilẹ̀kùn? Ìkẹta: ṣé o ti bẹ Torgeir lórí ọ̀rọ̀ ẹja yẹn?

Ẹ̀bùn ni ẹnu tó mọ gbogbo ohùn ayé, mi ò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bùn. Àmọ́ ẹni tó ń sín gbogbo ènìyàn jẹ, lọ́jọ́ tí ó bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ òtítọ́, ta ni yóò mọ̀ pé òun ni?

Mo fi ẹran gbígbẹ díẹ̀ ránṣẹ́. Má jẹ ẹ́ níwájú àwọn ará ibẹ̀ bí o bá ṣì fẹ́ ní ọ̀rẹ́.

Màmá rẹ,
Sunnva


Hitra
3 Oṣù Kẹwàá, 2004

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àgùntàn kíkó wálé. Ẹran yín dé. Òórùn rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ fi ọwọ́ méjì gbé e fún mi, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá, mo wọ gàù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó kọjá, mo wà ní ilé orí omi, mò ń nu àpótí. Rédíò pè mí. Màdáámù Gunnlaug ni.

"Marjun, yọ nǹkan tí o so mọ́ kámẹ́rà mi."

"Mi ò so nǹkan kan mọ́ ọn, Mà."

"Ẹja kan ti ya ẹnu lójú mi láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò pa á dé. Ṣé orin ló ń kọ ni?"

Àwòrán ti dì gbagidi. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá rí ẹja, kò gbọdọ̀ bọ́ ẹja, nítorí oúnjẹ yóò kàn máa rì sísàlẹ̀ òkun ni. Ó dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀gá Torgeir gun ọkọ̀ ojú omi wá, ó wo iná orí swíìṣì. Ewé, ó mọ́lẹ̀ rekete. Ó fa imú. Ó wo iná, ó wo èmi.

"Mm. Iná ewé kì í purọ́. Ènìyàn ló ń purọ́."

Kí ó tó padà dé ilẹ̀, àwòrán ti ń lọ geere, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì tún wà níbẹ̀! Ta ló máa gbà mí gbọ́? Nísinsìnyí Màdáámù Gunnlaug ní òun máa gbé iṣẹ́ òun fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ̀ pé èmi ni, pé bí mi ò bá fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí Oṣù Kọkànlá tó parí, òun kò ní fọwọ́ sí ìwé mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe? Èyí tí mo ṣe gan-an, mi ò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ tán.

Marjun tí ayé ń rẹ́ jẹ


Sumba
14 Oṣù Kẹwàá, 2004

Marjun,

Mo bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta. O fi ìtàn mẹ́wàá dá mi lóhùn, ìdáhùn kò sí nínú ọ̀kankan.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo ṣe ohun tí mo ti búra pé mi ò ní ṣe mọ́ láyé. Mo lọ sí ilé Hanus, mo gbé fóònù, mo pe Torgeir. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà sí àgbà.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Sunnva ni mò ń jẹ́, ìyá Marjun, láti Sumba."

Ó fa imú. Ó ní, "Mm. Ti ìjelòó dáa ju èyí lọ, Marjun. O gbàgbé ikọ́ rẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo tún pè é. Inú ń bí mi débi pé ikọ́ gbà mí lẹ́nu. Ó ní, "Háà, ikọ́ náà ti dé. O kú iṣẹ́." Ó tún gbé e sílẹ̀. Hanus jókòó níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo sinimá.

Ikọ́ wo? Ìjelòó wo? Ta ló ń fi ohùn mi rìn kiri ní Norway?

Nítorí pé o kì í fetí sílẹ̀, mo máa sọ ìtàn kan fún ọ, kí o sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún kejì mi nídìí rédíò, ọ̀gá ọkọ̀ ìpẹja kan wà tó máa ń kí mi ní òròòwúrọ̀. "Sunnva, ẹ káàárọ̀, àlàáfíà ni." Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ní ọjọ́ kan mo sọ fún un pé ìjì ti yí padà, kí ó sá wọlé. Ó ní, "Àlàáfíà ni, Sunnva." Mo tún un sọ. "Àlàáfíà ni." Mo rò pé oríkunkun ló ń ṣe. Ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta, ọmọdé yìí! Èmi ń gbọ́ ọ, òun kò gbọ́ mi. Nítorí pé mo ń gbọ́ ọ dáadáa, kò wá sí mi lọ́kàn pé òun kò gbọ́ tèmi. Ó pàdánù gbogbo àwọ̀n rẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú eyín tó ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kí mi, mi ò dá a lóhùn títí yóò fi tún ohun tí mo sọ gbẹ̀yìn sọ fún mi.

Ìwọ náà, láti òní lọ: tún ọ̀rọ̀ mi sọ kí n gbọ́, kí o tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ.

Màmá rẹ, ojúlówó


Hitra
24 Oṣù Kẹwàá, 2004

Màmá mi, ojúlówó, ẹyọ kan ṣoṣo,

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú pé obìnrin ni mí.

Mo gbọ́ pé ẹ bi mí nípa ẹ̀wù: ó wà lára mi, ó ń yún mi. Mo gbọ́ pé ẹ bi mí nípa onílé: Borghild ni orúkọ rẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ń dìde lọ wò ó. Mo gbọ́ pé ẹ ní kí n bẹ Torgeir: mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ bèèrè ẹni tó ń lo ohùn yín.

Èmi ni. Ẹgbẹ́ olórin kan wá sí Trondheim ní ọjọ́ Ẹtì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Mo pe Ọ̀gá pẹ̀lú ohùn yín, mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá Marjun ti kú, kí ó fún un láyè ọjọ́ kan. Mo fi ikọ́ yín sí i kí ó lè dùn. Ọ̀gá káàánú yín gan-an ni. Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ní í ṣe é mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo pa yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, bóyá kò tilẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìtàn ọkọ̀ yín ṣe fún mi. Àwòrán ti tún dì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, Ọ̀gá ti tún wò mí bí olè. Mo wá ń ka lẹ́tà yín lórí oúnjẹ, mo fò dìde, ọ̀dùnkún Borghild fò bọ́ sílẹ̀.

Iná orí swíìṣì! Ohun tó ń wọlé wá nìkan ni iná yẹn mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ dé orí omi, iná orí omi á tàn ní àwọ̀ ewé, á ní, "Mo ń gbọ́ yín." Kò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. Bí fọ́nrán tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilẹ̀ bá ti já ńkọ́? Á kàn máa kó àwòrán ẹja dà sínú afẹ́fẹ́, iná ewé á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí tó wá burú jù, ọ̀nà kejì wà, eríalì kan tí wọ́n gbé sórí òrùlé nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ swíìṣì kò ní gba ọ̀nà kejì àyàfi bí ó bá mọ̀ pé ọ̀nà kìíní ti bàjẹ́. Ta ni yóò sọ fún un?

Kò sì sí ẹni tó tíì wo iná méjèèjì pa pọ̀ rí. Ọ̀gá ń wo ti orí omi, á wakọ̀ padà, á wo ti ilẹ̀, wákàtí kan á ti lọ, gbogbo rẹ̀ á ti dáa.

Marjun yín


Hitra
9 Oṣù Kọkànlá, 2004

Màmá,

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún rèé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé lẹ́tà mi dé ni? Ṣé ẹ ń bínú ni? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí n rí i kà.

Mo kọ ọjọ́ tí àwòrán dì sórí kàlẹ́ńdà Borghild. Kẹẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, kẹẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Ọmọ, ìgbà tí omi ń fà jù nìyẹn, oṣù tuntun àti oṣù àrànmọ́jú." Lóòótọ́ ni! Èbúté onígi tí okùn wa gbà kọjá ń léfòó ni. Bí omi bá fà púpọ̀, èbúté á sọ̀kalẹ̀, okùn á tẹ̀ bí apá ọmọ tí wọ́n fà, fọ́nrán kan á kọ ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá kún, á padà sípò.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, mo bẹ Àǹtí Synnøve kí ó dúró ní ilé ọkọ̀ lórí ilẹ̀ níbi tí swíìṣì kejì wà, èmi wà lórí omi, fóònù wà létí wa. Omi fà.

"Marjun, tèmi ti kú. Dúdú."

"Ewé ni tèmi, Àǹtí."

"Yé é ṣeré."

"Mo fi ẹ̀wù màmá mi búra."

Ó bú ẹ̀rín. Ó ṣí inú swíìṣì lórí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn mí. Àwọn àpótí yìí mọ̀ ọ́n ṣe o, Màmá! Wọ́n máa ń bá ara wọn dúnàádúrà: ìyára wo ni kí a fi sọ̀rọ̀, ṣé ò ń gbọ́ mi, mi ò gbọ́ ọ o. Àmọ́ ẹnì kan ti pa ìdúnàádúrà náà lórí gbogbo ihò, mọ́kànlélógójì. Àǹtí Synnøve mọ ọwọ́ ẹni náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun kejì tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tan rí: swíìṣì kọ̀ọ̀kan á máa pe orúkọ ara rẹ̀, èkejì á máa tún orúkọ náà pè padà. Èyí tí kò bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èkejì, á ti ihò náà pa, á gba ọ̀nà mìíràn. Bíi tiyín gan-an, nídìí rédíò!

Ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Mm. Ìwọ àti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ." Àǹtí ló dúró fún mi. Ó tan ohun kejì yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí omi bá fà, a máa dán an wò lójú Màdáámù Gunnlaug. Ọ̀gá ní bí àwòrán bá tún dì, kí n di ẹrù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ tún ọ̀rọ̀ mi sọ.

Marjun


Sumba
10 Oṣù Kọkànlá, 2004

Marjun,

Mo gbọ́ pé ẹ̀wù ń yún ọ. Fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé Borghild ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fẹ́ràn rẹ̀ láìtíì rí i. Mo gbọ́ pé o pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó wà láàyè, ó ń gbé ní Klaksvík, ó sì ti sanra.

Ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́rin mìíràn ni mo fi bínú, tèmi nìyẹn. Ìyókù, ìjì ló ni ín.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ swíìṣì yẹn fún Hanus. Ó dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1987.

Má jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Bí Torgeir bá fẹ́ gé ọ lórí, má ṣe jẹ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ èyí tí o ṣe, lọ sọ fún un, pẹ̀lú ohùn ara rẹ. Sọ fún un pé èmi lòótọ́ ni obìnrin tí ó gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ létí. Ẹ̀rù ń ba ìwọ náà, mo mọ̀. Lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù.

Màmá rẹ


Hitra
20 Oṣù Kọkànlá, 2004

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ọtí kíkan. Mo gbọ́ Klaksvík, ẹ bá mi kí òkú náà. Mo gbọ́ pé kí n jẹ́wọ́ èyí tí mo ṣe. Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ ìdánwò, mo ti ṣe é ná. Ẹ jókòó dáadáa.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Ọ̀gá wà nínú yàrá kékeré lórí omi, orúnkún wa ń kan ara wọn. Àǹtí Synnøve àti Màdáámù Gunnlaug wà lórí ilẹ̀ níwájú àwòrán, ohùn wọn ń jáde nínú fóònù. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ti di ẹrù mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí ojú má bàa tì mí nírọ̀lẹ́.

Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, iná ewé ṣẹ́jú, ó kú.

Ọ̀gá pariwo, "Ó ti kú! Mo sọ fún ọ! Ó ti kú!"

Màdáámù Gunnlaug dáhùn nínú fóònù. "Ta ló kú? Kí lẹ̀ ń pariwo fún? Ẹja mi ń jẹun."

"Àwòrán ńkọ́?"

"Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó ń lọ. Wọ́n ń jẹun bí ọmọ ilé-ìwé."

Màmá, iná yẹn kú nítorí pé ó gbọ́n! Ó pe orúkọ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó tún un pè, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba orí òrùlé. Ọ̀gá jókòó, ó ń wo iná tó kú yẹn bí ẹni tí ajá rẹ̀ bù jẹ.

Màdáámù Gunnlaug wá bèèrè ohun tí ọkàn mi ti ń dúró dè. "Kí ló dé tí kò fi ṣe báyìí láti Oṣù Kẹsàn-án?"

Mo mọ ìdáhùn náà, Àǹtí Synnøve mọ̀ ọ́n. Ó ti dé orí ahọ́n mi, tòun ti imú fífà, tòun ti "Mm", mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ohùn Ọ̀gá sọ ọ́ sínú fóònù yẹn, wọ́n máa rẹ́rìn-ín títí di Kérésìmesì. Mo wo Ọ̀gá. Ó ń wo ẹnu mi. Màmá, ẹ̀rù ẹnu mi ń bà á. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lójú àgbàlagbà. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó fa imú.

"Èmi ni," ó ní. "Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àpótí méjì bára wọn jà lórí ìdúnàádúrà, wọ́n ba ìsinmi Kérésìmesì mi jẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, mo ń pa á lórí gbogbo àpótí tí ọwọ́ mi bá kàn. Ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan."

"Mo gbọ́," Màdáámù Gunnlaug ní. Ó wá fi kún un pé, "Ó dáa bí o ṣe fúnra rẹ sọ ọ́, Torgeir. Tan án padà. Mi ò lọ síbì kankan."

Nígbà tí a ń padà nínú ọkọ̀, mo jẹ́wọ́ tèmi. Mo ní èmi ni mo pè é ní ìjelòó, kì í ṣe màmá mi, kò sì sí òkú kankan.

Ó ronú. "Obìnrin tó wá pè mí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn ńkọ́? Tó húkọ́?"

"Màmá mi nìyẹn, Ọ̀gá."

Màmá, ojú rẹ̀ pọ́n bí edé sísè. A dé èbúté. Ó wá mú ìwé mi jáde nínú àpò, ó fi orí orúnkún rẹ̀ ṣe tábìlì, ó fọwọ́ sí i. Omi òkun ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà sí yín, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn.

Ọdún méjì, Màmá! Mo dúró!

Marjun, ọmọ ìkọ́ṣẹ́


Sumba
1 Oṣù Kejìlá, 2004

Marjun ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé iná kú, ẹja ń jẹun. Mo gbọ́ pé o pa ẹnu rẹ dé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún lọ kà á fún Hanus, kò gbà á gbọ́. Mo gbọ́ pé ọdún méjì ni.

Lẹ́tà Torgeir dé pẹ̀lú tìrẹ. Ìlà mẹ́rin. Ìlà àkọ́kọ́ ni, "Mo gbọ́ pé ẹ ní Sunnva ni ẹ̀ ń jẹ́, láti Sumba." Mo ti dárí jì í.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, nítorí mi ò lè máa pàṣẹ fún ọmọ pé kí ó jẹ́wọ́, kí èmi wá gbé tèmi mì. Ọjọ́ tí mo kà á pé Torgeir kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ, inú mi dùn. Ẹnu mi ń bínú, inú mi ń dùn. Mo ra ọ̀dà, mo kun yàrá rẹ láti òkè délẹ̀. Mo fọ aṣọ fèrèsé. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo pe ọkùnrin yẹn láti bẹ̀ ẹ́ ni, tàbí kí n lè fi etí ara mi gbọ́ pé ó ti parí, pé ò ń bọ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan dé sí Sumba ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò rí ilé gbé. Mo fún un ní yàrá náà lánàá. Bí o bá wá ní Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ mi lo máa sùn, níhà ògiri.

Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ràn ọ̀dà náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, kò fẹ́ wọlé tán, ó ní òun ò fẹ́ gba yàrá ọlọ́yàrá, ó sì bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ mi máa padà.

Mo gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Wọlé. Ó ti níṣẹ́."

Màmá rẹ,
Sunnva